Ta Ló Wo Ẹ̀jẹ̀ Náà?

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn, mo sì kí àwọn òǹkàwé yín nílé lóko. Ọdún 34 ni mo fi ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìlaròó níbí, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará ìlú yìí ni mo ti rí nínú awò maikirosíkóòpù kí n tó mọ̀ wọ́n lójúkojú. Bí lẹ́tà yìí bá gùn, ẹ forí jì mí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú mi.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ara ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbóná láti òru mọ́jú. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n lọ sí yàrá àyẹ̀wò kan ní ìgboro, tí n kò ní dárúkọ, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń dá irú rẹ̀. Wọ́n gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ lọ́mọ ìka, wọ́n gba owó, wọ́n sì fún un ní ìwé èsì. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni “MP: plus kan”, ìyẹn ni pé kòkòrò maláríà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tún fi èsì Widal, àyẹ̀wò taifọ́ọ̀dù, sí abẹ́ rẹ̀, pé ibà jẹ̀funjẹ̀fun náà ń bẹ lára rẹ̀. Mo bi ìyá ọmọ pé báwo ni ó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ó ní kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó nípọn lórí gíláàsì kì í gbẹ dénú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ká má tíì sọ pé kí aró mú un, kí a ṣàn án, kí ó tún gbẹ, kí ojú ènìyàn tó débẹ̀.

Mo wọ bàtà, mo lọ síbẹ̀ fúnra mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n jẹ́ kí n rí gíláàsì ọmọ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, “Bàbá, a ti fọ̀ ọ́, a sì ti fi ṣe ti ẹlòmíràn.” N kò bínú sí i. Ó jẹ́ ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé, bí wọ́n sì ti kọ́ ọ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣe é. Mo padà sílé, mo gbé maikirosíkóòpù àtijọ́ mi jáde, èyí tó ní dígí lábẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, mo gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, mo sì ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sanwó fún àyẹ̀wò yìí nígbà àìmọye tí wọn kò mọ ohun tí owó wọn yẹ kó rà. Ẹ̀kán méjì là ń fi sórí gíláàsì kan. À ń fẹ ọ̀kan kó tinrín bí ahọ́n. À ń ro ìkejì po díẹ̀ lójú kan, a sì ń jẹ́ kó nípọn. Èyí tó nípọn ló ń sọ fún wa bóyá kòkòrò wà, èyí tó tinrín ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Bí wọ́n bá ti gbẹ, a ó fi ọtí methanol kan èyí tó tinrín kí ó lè dúró, ṣùgbọ́n a kò ní jẹ́ kó kan èyí tó nípọn, nítorí omi ni yóò tú àwọn ẹ̀jẹ̀ pupa inú rẹ̀ dànù kí kòkòrò àti ẹ̀jẹ̀ funfun lè ṣẹ́ kù. Aró Giemsa ni à ń rẹ ẹ́ sí, bí ìdá kan aró sí mẹ́sàn-án omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí kí aró náà ṣàn jù bẹ́ẹ̀ lọ kó sì pẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí márùndínláàádọ́ta. Bí aró náà bá ti pẹ́ jù nínú ìgò, èérí yóò sùn sórí ẹ̀jẹ̀, èérí yìí gan-an sì ni ojú tó ń kánjú ń kà sí kòkòrò.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ẹwà ni. Kòkòrò maláríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ pupa dà bí òrùka kékeré, ara òrùka náà dúdú bí aró ẹ̀lú, òkúta orí rẹ̀ sì pupa. Àwọn tó ti dàgbà tó láti bá ẹ̀fọn lọ tẹ̀ kọdọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé, kò sì ní fi èérí pè é mọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó lè sọ pé kò sí, ó kéré tán a gbọ́dọ̀ ti wo ojú ibi 100 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí gíláàsì yẹn, pẹ̀lú òróró lójú awò. Bí a bá sì rí i, kíkà ló kù. “Plus kan” túmọ̀ sí pé a rí kòkòrò kan sí mẹ́wàá nínú ojú ibi 100. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a ka kòkòrò títí ẹ̀jẹ̀ funfun tí a kà pẹ̀lú wọn yóò fi pé 200, kí a fi 8,000, iye ẹ̀jẹ̀ funfun tí a fojú bù pé ó wà nínú maikirolítà ẹ̀jẹ̀ kan, sọ iye kòkòrò náà di púpọ̀, kí a sì fi 200 pín in. Ẹni tó ní kòkòrò 40 sí ẹ̀jẹ̀ funfun 200 ní 1,600 nínú maikirolítà ẹ̀jẹ̀ kan. Iye tí dókítà lè fi ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ojú ibi 200 ni mo wò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọmọ mi. N kò rí òrùka kankan. Lọ́jọ́ kejì ni dókítà fi iná wo etí rẹ̀, tó rí i pé etí òsì ti wú, ó ti fẹ́ máa tú.

Bí mo ti jókòó ti awò yẹn lọ́jọ́ náà ni mo rántí Ìlóbì. Ìlóbì kò jìnnà sí wa, ilẹ̀ Yewa kan náà ni, ṣùgbọ́n mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ kò mọ̀ pé orúkọ ìlú náà wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ maláríà káàkiri ayé. Eku ló gbé e débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ maláríà inú eku kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Katanga, ní ilẹ̀ Kóńgò, ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Vincke ti rí kòkòrò maláríà nínú ẹ̀fọn inú igbó, tí kò sì mọ ẹni tó ni ín. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ikùn ẹ̀fọn náà wò, ẹ̀jẹ̀ eku ni. Nígbà tó di 1948, òun àti Lips rí kòkòrò náà gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ eku igbó kan. Èyí ni wọ́n sọ ní Plasmodium berghei. Ẹ wo bí wọ́n ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ikùn ẹ̀fọn dé inú eku, bí ọdẹ tó ń tọpa ẹran. Ní 1955, Leonard Bruce-Chwatt, dókítà ọmọ Poland tó ṣiṣẹ́ lórí maláríà ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun àti Gibson kọ ọ́ jáde pé àwọn rí kòkòrò maláríà nínú eku ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1967 ni àwọn onímọ̀ gba irú rẹ̀ láti ara eku tí wọ́n mú ní Ìlóbì, eku onírù gígùn tó ń gbé orí igi, kì í ṣe èkúté ilé, kì í sì í ṣe òkété. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú eku funfun, ìran kòkòrò náà kò sì tíì run títí di òní. N67 ni wọ́n ń pè é. Ní 1973, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Killick-Kendrick sọ ọ́ ní nigeriensis; Plasmodium yoelii nigeriensis ni orúkọ rẹ̀ tó pé lónìí, orúkọ orílẹ̀-èdè wa sì ń bẹ nídìí rẹ̀. Òmíràn tún wà láti ilẹ̀ wa tí wọ́n fi orúkọ Bruce-Chwatt sọ ní 1975. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Íńdíà ń fi ọmọ Ìlóbì yìí ṣe ìwádìí oògùn àti bí ara ṣe ń bá kòkòrò jà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ti máa wo òrùlé báyìí, tí yóò máa ronú èkúté tó ń sáré níbẹ̀. Kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ti maláríà. Àwọn àgbà wa ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n àfòmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í bá gbogbo igi tan: ti eku kì í mú ènìyàn, ti ènìyàn kì í mú eku. Èyí kò sọ pé kí ẹ ṣí gàrí sílẹ̀ fún èkúté o. Fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa ń bẹ nínú ìtọ̀ irú eku kan, àwọn aràn kan sì wà tí wọ́n ń bá èkúté gbé tí wọ́n lè dé inú wa nípasẹ̀ kòkòrò tó ń jẹ ọkà. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma, tó lè ba ọmọ inú oyún jẹ́, inú eku aṣálẹ̀ kan ní Tunis ni Nicolle àti Manceaux ti kọ́kọ́ rí i ní 1908. Ìyẹn lẹ́tà mìíràn ni.

Ohun tí maláríà eku fún wa ni pé ó jẹ́ kí a lè dán nǹkan wò lára ẹran kékeré kí a tó mú un dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1971, ní Beijing, Tu Youyou àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún àwọn eku tó ní maláríà ní omi ewé kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 191. Kòkòrò tán nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pátápátá. Ewé yẹn ni artemisinin ti jáde, òun sì ni gbòǹgbò oògùn maláríà tí gbogbo wa ń rà nílé oògùn lónìí. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2015. (Ẹ̀yin tí ẹ ń se àgbo, ẹ gbọ́ èyí: gbígbóná ni ó kọ́kọ́ ń ba agbára ewé náà jẹ́ lọ́wọ́ wọn, àfìgbà tí ó fi ether, tí kì í fẹ́ iná púpọ̀, fa oje rẹ̀ jáde.) Ní 1967 kan náà tí wọ́n ń mú eku ní Ìlóbì, Ruth Nussenzweig, obìnrin tí wọ́n bí ní Vienna tó sì dàgbà ní Brazil, fi hàn ní New York pé bí a bá fi ìtànṣán sọ kòkòrò maláríà eku di aláìlágbára, tí a sì fi í sára eku, eku náà yóò lè kojú kòkòrò tó lágbára. Láti ìdí iṣẹ́ yẹn ni ọ̀nà ti là sí abẹ́rẹ́ àjẹsára maláríà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2021 àti èkejì rẹ̀ ní 2023, tí irú rẹ̀ sì dé Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, tí wọ́n fi Kebbi àti Bayelsa bẹ̀rẹ̀.

Olóòtú, báwo ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ṣe mọ̀ pé oògùn ṣiṣẹ́? Wọ́n gé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbi ìrù eku, wọ́n tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n sì kà á. Wọ́n kà á lónìí, wọ́n kà á lọ́la. Ní àwọn yunifásítì tiwa náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ dán ewúro tàbí dóńgóyárò wò lára eku gbọ́dọ̀ ka kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ eku kọ̀ọ̀kan kí olùkọ́ rẹ̀ tó buwọ́ lùwé. Eku inú àhámọ́ ń rí ẹni ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọmọ tí a pọ̀n lọ sí yàrá àyẹ̀wò ń gba “plus kan”.

Èdè wa pàápàá ń dá kún un. Ara gbígbóná, ibà ni. Àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà, ibà náà ni. Àwọn baba wa mọ̀ pé ibà kì í ṣe ẹyọ kan, ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ibà pọ́njú, ṣùgbọ́n àwa tí a dé lẹ́yìn ti yí gbogbo rẹ̀ po di “maláríà àti taifọ́ọ̀dù”, bí ẹni ń pe orúkọ ìbejì. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí Widal. Ní ilẹ̀ tí kòkòrò taifọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀, tí ara ọ̀pọ̀ wa ti bá a pàdé rí, àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti sọ pé òun ló ń ṣe ènìyàn lónìí.

N kò fẹ́ dá gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tó wà nídìí iṣẹ́. Iná kì í dúró, aró wọ́n, ẹni tó ni yàrá àyẹ̀wò sì ń fẹ́ kí èrò yára kọjá. Àwa aláìsàn náà ní tiwa. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kò rí ẹni tó bá mi jà nítorí pé mo ní maláríà ń bẹ lára rẹ̀. Ẹni tí mo bá sọ fún pé n kò rí nǹkankan ló máa ń gbá tábìlì pé, “Kí ni mo wá sanwó fún?” Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yóò gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ẹ̀ẹ̀kẹrin yóò kọ plus kan, gbogbo ènìyàn yóò sì lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹnikẹ́ni tí a bá fura sí maláríà lára rẹ̀ wò kí a tó fún un lóògùn. Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RDT ti ràn wá lọ́wọ́ níbi tí kò sí maikirosíkóòpù, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí: ó lè máa sọ “bẹ́ẹ̀ ni” fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán, kò sì lè sọ iye tó wà níbẹ̀.

Iye yẹn ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù. Ní Rwanda, Uganda, Tanzania àti Eritrea, wọ́n ti rí i dájú pé kòkòrò maláríà kan ti ń bá artemisinin fà á, kò tètè kú mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́kọ́ ń fura kò ṣòro: wọ́n ń ka kòkòrò ní ọjọ́ tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n sì tún ń kà á ní ọjọ́ kẹta. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn, wọ́n á sì fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ kí àwọn tó ní ẹ̀rọ lè wo àbùdá rẹ̀. Nínú ènìyàn mílíọ̀nù 263 tí wọ́n fojú bù pé maláríà mú lágbàáyé ní 2023, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ ti Nàìjíríà. Bí kòkòrò líle yẹn bá wọ ìlú wa lọ́la, plus kan ni a ó kọ lọ́jọ́ kìíní, plus kan náà ni a ó kọ lọ́jọ́ kẹta, a ó sì ní àìsàn ló le.

Ohun tí mo ń bẹ ìwé ìròyìn yín pé kí ẹ bá wa gbé síwájú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò gba owó ńlá. Kí yàrá àyẹ̀wò kọ iye kòkòrò sínú ìwé èsì, kí wọ́n sì kọ iye ojú ibi tí wọ́n wò bí wọn kò bá rí nǹkan. Kí wọ́n tọ́jú gíláàsì kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan ó kéré tán, pẹ̀lú nọ́ńbà aláìsàn lára rẹ̀. Gíláàsì kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa fọ̀ ọ́ lò. Kí ẹlòmíràn tí kò mọ èsì àkọ́kọ́ tún díẹ̀ wò nínú wọn lóṣooṣù, kì í ṣe láti fi mú ẹnikẹ́ni lọ́ràn, bí kò ṣe kí a lè mọ ẹni tó yẹ kí a tún kọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé náà, nígbà tí wọ́n bá tún fún yín ní ìwé èsì, ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé ta ló wo ẹ̀jẹ̀ náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi gíláàsì hàn yín.

Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko ní àwọn yunifásítì tó sún mọ́ wa náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín padà sí Ìlóbì. Ó ti lé ní ọdún 50 tí wọ́n ti mú eku yẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi ojú ara wọn rí òrùka kékeré inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kà á.

Ní tèmi, mo ṣì ń rí nǹkan kedere pẹ̀lú ìgò ojú. Ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò títún gíláàsì wò yìí lè máa kó tiwọn wá fún mi láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa. N kò ní gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n ṣáà má fọ gíláàsì náà kí wọ́n tó gbé e wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì yàrá àyẹ̀wò,
Ìlaròó, Ìpínlẹ̀ Ògùn.